Ẹ̀bẹ̀ Àdúrà Tó Ní Àdírẹ́sì

Bí ẹ bá dé Mọ̀lípà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ ní Matilda Ṣóbọ̀wálé lẹ ń wá, wọ́n lè máa wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ìyá Ayọ̀tọ̀míwá aránṣọ, ọlọ́kadà ò ní bi yín léèrè ọ̀nà mọ́. Bó bá jẹ́ aláàánú èèyàn, á tún gbà yín nímọ̀ràn lójú ọ̀nà pé aṣọ nìkan ni kí ẹ gbé wọlé, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ síta.

Iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Kò sí bí obìnrin ṣe sanra tó tí Matilda ò ní ránṣọ fún un kó dà bíi pé Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un dá. Ó sì ní bó ṣe máa ń ṣe é. Bó bá ń wọn aṣọ sí èèyàn lára, á kó pínnì há ètè, á máa yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, á máa fi gún aṣọ. Ẹni tó há pínnì sẹ́nu ò lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, oníbàárà tó dúró síwájú rẹ̀, tó nawọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, ni yóò máa sọ̀rọ̀: ti ọkọ tí kì í wálé, ti ìyá ọkọ tó ń wálé jù. Pínnì á máa dín, ọ̀rọ̀ á máa pọ̀. Nígbà tí pínnì tó kẹ́yìn bá kúrò lẹ́nu, ẹnu á ti ṣófo, etí á sì ti kún dẹ́nu. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ohun tó bá kún, ó ń wá ibi tó máa dà sí.

Ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú ni ibẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ pè é ní olófòófó o. Òun fúnra rẹ̀ kórìíra olófòófó. Ó ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn rí. Òun ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn, kì í sì í dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," á ní, "fún arábìnrin wa kan, mi ò ní dárúkọ, tí ọkọ rẹ̀ ti kó ẹlòmíì jọ sí Ṣàgámù. Ẹ gbà á kíkan kíkan, ẹ̀yin ará, torí arábìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́ fìríìjì tuntun ni, kò mọ̀ pé méjì lọ́kùnrin náà rà."

Gbogbo ojú á wà ní dídì, gbogbo ọkàn á sì máa tọ ipasẹ̀ fìríìjì kiri àdúgbò. Ẹ̀bẹ̀ àdúrà Matilda kì í lórúkọ. Àdírẹ́sì nìkan ló máa ń ní.

Èyí ló fà á tí ìpàdé náà fi ń kún ju ìsìn ọjọ́ Ìsinmi lọ. Àwọn tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì rárá ń wá sí àdúrà, wọ́n sì ń tètè dé, kí wọ́n lè ríbi jókòó sí níwájú. Pásítọ̀ Albert, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ayépé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síbẹ̀, wo èrò tó ń rọ́ wọlé, ó ní ìsọjí ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

Ọ̀rẹ́ tí Matilda ní jù ni Sàúdátù, tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ní ọjà Òkè-Àjé. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn, kò sì ga ju àyà lọ. Ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń kírun. Bí Iléyá bá dé, ẹran á gba orí ògiri bọ̀, bí Kérésì bá dé, ìkọ́kọrẹ́ á gba ibẹ̀ lọ. "Mati" ni Sàúdátù ń pè é, òun náà ń pè é ní "Sàúdá", Ìjẹ̀bú ponbele ni wọ́n sì máa ń bára wọn sọ, irú èyí tí ará Ìbàdàn bá gbọ́ tí yóò fi sáré wá làjà.

Ọjọ́ kan báyìí, Matilda ń wọn bùbá sí Sàúdátù lára, pínnì wà lẹ́nu rẹ̀, ni Sàúdátù bá mí kanlẹ̀.

"Mati, Hikmah fìdí rẹmi o. Wọ́n ní kó tún ọdún náà kà."

Hikmah ni àkọ́bí Sàúdátù, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Ìjagun.

"Hùn ùn!" ni Matilda wí láàárín pínnì.

"Bàbá ẹ̀ ò tíì gbọ́. Ó ṣì wà ní Ìlọrin níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Tó bá dé, màá se ohun tó fẹ́ràn, màá jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán, màá wá rọra sọ ọ́. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, á bínú, inú ẹ̀ á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lọ gbọ́ ọ níta pẹ́nrẹ́n, o mọ Zakariyah. Ìtìjú ló máa fi dájọ́."

"Hùn."

"Mo bẹ̀ ọ́, Mati. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Matilda gbìyànjú, kí a má rẹ́ ẹ jẹ. Ọjọ́ Ajé lọ́rọ̀ yẹn wọ etí rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ṣú kó tó jáde. Ṣùgbọ́n tí Ọjọ́rú bá dé, tí gbogbo èèyàn ti dijú, tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, tí wọ́n ń dúró dè yín nìkan, kí lẹ máa ṣe?

"Ẹ jẹ́ ká rántí ọmọ Mùsùlùmí kan tó fìdí rẹmi nílé ìwé gíga. Mi ò ní dárúkọ. Ìyá ẹ̀ ń ta òwú. Olúwa tí ògiri ò dí lọ́wọ́, pàápàá ògiri tó kúrú, á bẹ ilé náà wò."

Wọ́n gbàdúrà fún Hikmah lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn kan tilẹ̀ sunkún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlàájì Zakariyah sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìlọrin, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ tààrà. Bí wọ́n ṣe kírun tán, ọkùnrin kan tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà yẹn dì mọ́ ọn.

"Àlàájì, ẹ má banú jẹ́ o. Ìwé kọ́ ni gbogbo nǹkan. A ti ń ṣe àdúà sí i."

"Àdúà sí kí ni?" ni Àlàájì bi í.

Báyìí ni bàbá Hikmah ṣe gbọ́. Ó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ, kò pariwo. Ó ní ìwé tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí Hikmah kó ẹrù rẹ̀ wálé láti Ìjagun, kó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nísọ̀ títí òun á fi rí ọkọ fún un.

Matilda ń retí ìjà. Ó ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀ pàápàá, pé òun ò dárúkọ, pé àdúrà ni. Sàúdátù ò wá. Nígbà tó rí i pé ìjà ò wá bá òun, ó gbéra, ó lọ ra òwú. Hikmah ló kọ́kọ́ rí, ó jókòó sáàárín síìpù, ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú ọ̀rá, kò gbójú sókè. Sàúdátù gbójú sókè ní tiẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Irú òwú wo lẹ fẹ́?"

Yorùbá tó sọ mọ́ tónítóní, bíi tàwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Kò sí ẹyọ Ìjẹ̀bú kan nínú ẹ̀. Ó wá òwú náà, ó fún un ní ṣéńjì.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ tún padà wá."

Ká ní ó gbá a létí ni, Matilda ì bá sùn lọ́jọ́ yẹn.

Àtìgbà náà ni ara rẹ̀ ò ti rọlẹ̀. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á lọ síbi ògiri, á padà. Ó rán apá aṣọ ìyá díákónì kan mọ́ ọrùn, ó tú u, ó tún rán an mọ́ ibẹ̀. Ó gbààwẹ̀. Ó fi òróró pa ètè, ó rò pé ètè ló ń dá a láàmú. Nígbà tí òróró náà fẹ́ tán, ó gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Albert lọ.

"Pásítọ̀, ẹ bá mi lé ẹ̀mí òfófó jáde. Ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí. Bí ẹ bá fẹ́ tì mí ṣubú, ẹ tì mí, mo ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀."

Pásítọ̀ wo aṣọ náà. Ó wo Matilda.

"Màmá, ṣé ẹ ṣẹ èèyàn ni?"

Matilda la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí bùbá. Pásítọ̀ yára gbé ọwọ́ sókè.

"Rárá, Màmá, mi ò ní kí ẹ sọ ẹni náà. Mo kàn ní ṣé ẹ ṣẹ èèyàn."

"Mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Kò sí ẹ̀mí kankan tí mo rí níbẹ̀ o. Ẹnu ni mo rí. Ẹnu ò sì ṣeé lé jáde. Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀."

"Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Màmá. Kì í ṣe Ọlọ́run lẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ síta."

Matilda ká aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ. Inú ń bí i. Pásítọ̀ àtijọ́ ì bá ti tì í ṣubú, gbogbo ẹ̀ ì bá ti tán.

Kò lọ bá ẹnikẹ́ni. Ohun tó pinnu ni pé òun á kàn dákẹ́. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè wa." Àwọn èèyàn la ojú kan. "Àti fún àwọn aláìsàn."

"Àwọn wo?" ni Ìyá Jessica, igbákejì rẹ̀, béèrè.

"Gbogbo wọn."

"Kò sí èyí tó ṣe pàtàkì nínú wọn ni?"

"Gbogbo aláìsàn ló ṣe pàtàkì."

Ọ̀sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àwọn tó ń sáré ríbi jókòó níwájú kò sáré mọ́; kò pẹ́, wọn ò wá mọ́. Pásítọ̀ Albert yọjú wọlé, ó rí ìdílé mélòó kan àti adìyẹ tó ṣìnà wọ ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ fà ro.

"Màmá, kí ló ṣe ìsọjí wa?"

Matilda wò ó títí. Ọkùnrin tó ní kó ronú pìwà dà rèé o.

Ìyá Jessica ní tiẹ̀ tẹ̀ lé e délé. "Ìyá Ayọ̀, àdúrà yín ti gbẹ, ó dà bíi gàrí tí wọn ò bu omi sí. Ẹ fi nǹkan díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ṣá. Èmi nìkan ló wà níbí."

Matilda kó pínnì há ètè. Ó yọ pínnì. Ó ní kò sí nǹkan kan, àfi ti ìyá díákónì, tí bùbá rẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́, tí kì í sì í ṣe oúnjẹ ló fà á, nítorí oògùn tó ń lò... Ó sọ ọ́ tán. Ó dùn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ wá rí bí ẹnu ẹni tó jẹ ọṣẹ.

Ìyá Jessica ò tíì dé ìkóríta nígbà tí Hikmah kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Matilda, tó wà lójúde ilé rẹ̀. Báàgì tó máa ń gbé lọ sí Ìjagun ló gbé kọ́ èjìká. Síìpù ló kún inú ẹ̀, ìrù wọn ń jò láti ẹnu báàgì. Ó kí Matilda, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," torí wọ́n kọ́ ọ nílé, ó sì kọjá.

Matilda pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wọ bàtà dáadáa.

Ìrun Àlàsárì ti parí nígbà tó bá Àlàájì Zakariyah ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, bùútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Matilda kúnlẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀, kí ló dé? Dìde. Ìyàwó mi ò tíì tọjà dé."

"Ẹ̀yin ni mo wá bá, sà. Èmi ni mo sọ ọ́."

"O sọ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ Hikmah. Sàúdá fi pa mọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà."

"Àdúrà."

"Mo pè é ní àdúrà, sà. Òfófó ni."

Kò pe orúkọ yẹn mọ́ ara rẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ tán, ó ń wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlàájì. "Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? Kì í ṣe pé ọmọ fìdí rẹmi. Èmi náà fìdí rẹmi rí, mo sì kọ́lé. Ohun tó dùn mí ni pé ẹlòmíì ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún lórí ohun tí ìyàwó mi fi pa mọ́ fún mi nílé mi."

"Kò fi pa mọ́, sà. Ó ń dúró dè yín ni. Ó ti ra ẹja tó fẹ́ fi sebẹ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́nu ẹ̀ ló fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ, èmi ni mo já a gbà lẹ́nu ẹ̀. Àlàájì, ẹ bínú sí ẹnu mi. Ẹ má fi ìwé ọmọ yín san gbèsè ẹnu mi."

Àlàájì gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bùútà.

"Ta lo sọ fún pé o ń bọ̀ níbí?"

Matilda ronú. Ìdáhùn náà ya òun gan-an lẹ́nu. "Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Pásítọ̀ yín ńkọ́?"

"Kò mọ̀."

"Ìyá Jessica tó máa ń tẹ̀ lé ọ bí òjìji ńkọ́?"

"Kò mọ̀, sà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àlàájì Zakariyah, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín látìgbà tó ti ti Ìlọrin dé. "Wàláì, èyí ni màá fi gbà ọ́ gbọ́." Ojú rẹ̀ tún le. "Hikmah á padà sílé ìwé. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀. Mo mọ ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì. Bí nǹkan bá ti dáa báyìí, ẹ ó ní ẹ fẹ́ jẹ́rìí. Mi ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé mi ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi dúpẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ níta, ọmọ á padà sí ìsọ̀."

Bóyá ẹ ò mọ bí ẹrù tó dì fún un ti wúwo tó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ìṣẹ́gun tí a ò jẹ́rìí sí dà bí ọmọ tí a bí tí a ò sọ lórúkọ. Wọ́n gbà pé Èṣù á padà wá gbé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Matilda ti ń sọ ìtàn àwọn ẹlòmíì láti ìgbà èwe rẹ̀. Èyí tó dùn jù nínú gbogbo ìtàn tó ní rí láyé rèé, tòun tìkúnlẹ̀, tòun tẹ̀rín, òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́ akọni inú ẹ̀. Wọ́n ní kó gbé e mì.

Hikmah wọ Màrúwá lọ sí Ìjagun ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwé ló kún báàgì rẹ̀. Matilda dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò ó. Kò sí oníbàárà kankan níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n pínnì kún ẹnu rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ Ìsinmi dé. Pásítọ̀ Albert tajú kán rí i láàárín ìjọ.

"Màmá, ojú yín ń sọ pé Olúwa ti ṣe nǹkan. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá jẹ́rìí."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Jessica ṣí nípò, ó wá jókòó síwájú pátápátá. Matilda gba màíkì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ẹ̀yin ará, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà..."

Ọrùn gùn. Ìtàn náà gòkè látinú ikùn rẹ̀, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó dé ẹ̀yìn eyín, ó ń ti eyín. Ó rí báàgì yẹn níwájú rẹ̀, ó rí ìrù síìpù tó ń jò lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ń ṣe. Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì tán lára mi. Ẹ máa bá mi gbàdúrà."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni?" ni Ìyá Jessica wí, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Mi ò ní dárúkọ," ni Matilda dá a lóhùn. Ó mí. "Mi ò sì ní júwe ilé."

Ó dá màíkì padà, ó lọ jókòó. Àwọn kan ní ìjẹ́rìí tí kò nítumọ̀ jù nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀. Pásítọ̀ Albert nìkan ni kò bá wọn sọ ọ́. Ó bojú wo ìwé orin fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Jessica bá Matilda rìn délé, ó gba iwájú bi í, ó gba ẹ̀yìn bi í, omi ò jáde lára àpáta. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ara Matilda balẹ̀ o. Kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ń rìn láti iyàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ìdí ògiri. Bó bá jẹ́ báyìí ni ìwà mímọ́ ń rí, ó ní, ó ya òun lẹ́nu pé àwọn ẹni mímọ́ máa ń sanra.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òwú tán lórí ẹ̀rọ. Ó gba Òkè-Àjé lọ, ó ń dá "Ẹ káàárọ̀, mà" ṣe lẹ́nu lọ́nà, kó má bàa dùn ún jù. Sàúdátù rí i lókèèrè.

"Mati!"

Àlàájì ti sọ ti ìkúnlẹ̀ yẹn fún un. Ìjẹ̀bú ló fi bú u, èébú gbáà, pé kí ló dé tí kò yọjú látìjọ́ yìí, ṣé ó ti rí olówùú mìíràn ni. Àwọn tó wà nísọ̀ kejì bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó fẹ́ jà. Omi bọ́ lójú Matilda.

"Jókòó," ni Sàúdátù wí nígbà tí èébú tán. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

"Sàúdá, jọ̀wọ́. Má sọ ọ́ fún mi."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀la ni Ọjọ́rú."

Sàúdátù wò ó títí, bí ó ṣe máa ń wo síìpù tí wọ́n dá padà fún un, tó ń fà á sókè sódò láti mọ̀ bóyá ó ṣì dì.

"Ìdí ẹ̀ gan-an tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ lónìí nìyẹn," ló wí. Ó fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ sí i létí.

Hikmah ló sọ ìtàn yìí fún mi nígbà tó gboyè tán. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó ní kí n kọ ọ́, ó sì ń tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í sọ. Ohun tí Sàúdátù sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn méjèèjì ò mọ̀ ọ́n. Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù Matilda lọ, mo ní òun ni kó sọ ọ́ fún mi, pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àwo pínnì, ó kó wọn há ètè, ó sì ní kí n nawọ́ sókè, kóun wọn aṣọ mi.